Owó Ẹyọ àti Owó Ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, bí o bá yege nínú ìdánwò àṣejáde rẹ, tí a sì gbà ọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí yunifásítì, ohun kan yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ tí kò tí ì ṣẹlẹ̀ sí ọ rí. Owó oúnjẹ oṣù kan gbáko yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sí ìyá tàbí bàbá nítòsí tí yóò bi ọ́ pé kí ni o fi ṣe. Títí di ìsinsìnyí, ìyá rẹ ni ó mọ iye gààrí tí ó kù nínú ilé, bàbá rẹ ni ó sì mọ ọjọ́ tí a ó san owó iná. Láti ọjọ́ tí o bá ti gbé àpótí rẹ wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ ni ìyá, ìwọ ni bàbá, ìwọ náà sì ni ọmọ tí ebi ń pa.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò, tí wọ́n sì gba máàkì tí ó pọ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí dojú rú fún. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ìyọkúrò. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé owó kì í dúró dìgbà tí a bá yọ ọ́ kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yọ́ lọ.

Mú àpẹẹrẹ kan tí ó wà ní gbangba. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fi ọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní NELFUND ń mú ṣẹ. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ náà ń san owó ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń fi ₦20,000 lóṣooṣù sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè fún owó ìtọ́jú ara rẹ̀. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ọrẹ. Ṣùgbọ́n wo iye náà dáradára: ẹgbàáwàá ni. Àwọn bàbá ńlá wa mọ iye yìí, wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ọ̀kẹ́ kan ni. Bí wọ́n ti ń ṣe sí ọ̀kẹ́ kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Kí owó òyìnbó tó gbilẹ̀, owó ẹyọ ni àwọn Yorùbá ń ná. Láti inú òkun àwọn erékùṣù Maldives, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù ti ń fi ọkọ̀ kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá sí etíkun wa. Márùn-ún márùn-ún ni ẹni tí ń kà á ń fi ọwọ́ wọ́ ọ sọ́tọ̀. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Àpò ńlá ni ọ̀kẹ́, o sì lè fi ojú inú wò ó bí alágbára ọkùnrin yóò ti gbé e rù tí ọrùn rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé òun ru nǹkan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ná nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ní láti tú ẹnu àpò, kí ó fa okùn kan yọ, kí ó tú okùn náà, kí ó sì ka ẹyọ. Kí ó tó ka ogójì tán, ó ti ní ààyè láti bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tí òun fẹ́ rà tó bẹ́ẹ̀. Owó náà wúwo, ó ń dún, ojú sì ń rí i bí ó ti ń fà. Owó tìrẹ kò wúwo rárá. Inú fóònù ni ó wà. Ìka kan ni o fi tẹ̀ ẹ́, ó ti di ti ẹlòmíràn, fóònù náà kò sì fúyẹ́ sí i lọ́wọ́ rẹ. Èmi kò sọ pé kí a padà sí owó ẹyọ. Ta ni yóò ru ọ̀kẹ́ lọ ra búrẹ́dì? Ohun tí mo ń sọ ni pé okùn wà lára owó àwọn bàbá wa, kò sí lára tìrẹ. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá okùn sí i.

Ọjọ́ ni okùn kìn-ín-ní. Àwọn àgbà wa kì í fi oṣù ṣètò ohun jíjẹ. Ọjà ni wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọrún ni wọ́n ń pè é, ọjà tí ó bá sì ń wáyé bẹ́ẹ̀ ni ọjà ọrọọrún. Obìnrin tí ó bá ná ọjà lónìí mọ̀ dájú pé ohun tí òun rà gbọ́dọ̀ gbé ilé òun dé ọjà tí ń bọ̀. Kò gbọ́dọ̀ kù díẹ̀ káàtó.

Wàyí o, mú ọ̀kẹ́ kan tìrẹ. Bí o bá pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ₦5,000 ni yóò kan ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, inú rẹ yóò sì dùn pé ìṣirò náà dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 péré ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nínú oṣù tí ó ní ọjọ́ 31, ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta tí o kò bá wọn pín nǹkan kan. Irú ọjọ́ mẹ́ta yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ sí yá owó, ẹ̀yáwó ọjọ́ mẹ́ta yìí ni yóò sì kọ́kọ́ jáde nínú owó oṣù tí ó tẹ̀ lé e, tí oṣù náà yóò fi kúrú ju ti ìṣáájú lọ. Nítorí náà, ọjọ́ 31 ni kí o fi pín in: ₦645 ni yóò kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ₦5 yóò sì ṣẹ́kù.

Mú ₦645 yìí lọ sí ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ní ìlú yín, kí o sì wo ohun tí yóò bù fún ọ. Ohun tí ó bá bù yóò yé ọ ju àlàyé mi lọ. Yóò hàn sí ọ pé ẹni tí ó ní ọ̀kẹ́ kan lóṣù kò lè máa jẹun níta. Ó ní láti dáná. Yóò sì hàn sí ọ pé ẹni kan ṣoṣo tí ń ra gààrí àti ẹ̀wà ní kóńgò kọ̀ọ̀kan ń ra wọn ní ọ̀wọ́n, nígbà tí ẹni mẹ́rin tí ó bá da owó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù lè ra àpò, kí wọ́n sì pín in. Bí ọ̀kẹ́ kan kò bá sì tó lẹ́yìn gbogbo èyí, ó sàn kí o mọ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, nígbà tí o ṣì lè wá iṣẹ́ ọwọ́ tàbí kí o kọ̀wé sí ilé, ju kí o mọ̀ ní ọjọ́ 19 lọ.

Má ṣe rò pé bí ó ti rí fún ọ yìí ni ó rí fún àwọn tí ó ṣáájú rẹ. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, inú ilé ìjẹun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun, abọ́ àti ṣíbí sì ń dúró dè wọ́n. Ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ mú owó ẹ̀kọ́ kúrò ní àwọn yunifásítì rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó fi àádọ́ta kọ́bọ̀ kún owó oúnjẹ ọjọ́ kan, láti ₦1.50 sí ₦2. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ń ké pé kí Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, kí ó lọ. Ẹ̀mí sì ṣòfò nínú rògbòdìyàn náà. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun fa ìrànwọ́ oúnjẹ sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni sítóòfù àti ìkòkò ti wọ yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ yunifásítì fúnra wọn ni ó sọ ohun tí ó tẹ̀ lé e ní orúkọ tí a ń pè títí di òní: òdo-ọ̀kan-òdo, èyíinì ni pé kò sí oúnjẹ àárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán wà, kò sí ti alẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí kò mọ ojú ọmọ tí ó wá sí kíláàsì ní òdo.

Nígbà tí o bá ń ka owó, ka ọjà mọ́ ọn. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò láti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó owó ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wá láti ìhà Zanzibar. Owó ẹyọ wá pọ̀ jù, agbára rẹ̀ sì ń dín. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pamọ́ yóò kà á, yóò rí i pé ó pé, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà kò pé mọ́. Náírà náà kò yọ sílẹ̀ nínú èyí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni ó rọ́pò pọ́n-ùn, ₦2 fún £1. Ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, kọ́bọ̀ mẹ́wàá sì ra nǹkan tí ọmọdé lè fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá gbọ́n kò ní sọ pé, “Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin nílẹ̀.” Yóò sọ pé, “Mo ní gààrí ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀, epo mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.”

Owó tí ó dé lójijì ni ó máa ń dán ènìyàn wò jù. Mo ṣì kéré nígbà Údójì, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò kúrò ní etí mi. Ní ọdún 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ dá a lábàá pé kí a fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìjọba gbà, ó sì san owó oṣù mélòó kan tí ó ti ṣẹ́jọ sẹ́yìn pa pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Ńṣe ni ìgboro kún fún alùpùpù tuntun àti ẹ̀rọ agbóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni da iṣẹ́ sílẹ̀ pé kí a fún àwọn náà ní tiwọn, àwọn ọlọ́jà sì fi owó lé ọjà. Ní àdúgbò wa, àwọn olùkọ́ méjì gba owó yìí. Ọ̀kan ra rédíò aláwo tí ohùn rẹ̀ ń dé òpópónà kejì. Èkejì ra páànù, ó sì kan án sórí ilé tí ó ti fi koríko bò láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ọdún ti yípo, rédíò ti dákẹ́, òjò sì ń rọ̀ sórí páànù. Ẹ jọ̀wọ́, èmi kò kórìíra orin. Èmi náà fẹ́ràn rédíò náà nígbà tí ó ń kọrin.

Ṣé àwọn àgbà wa kò mọ̀ pé ọwọ́ ẹni lè tan ẹni jẹ ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n dájú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe kólò amọ̀, tí ó ní ihò tóóró kan tí owó ń gbà wọlé, tí kò sì ní ibi tí owó ń gbà jáde, àfi kí a fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni okùn tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù. Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́ tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, lẹ́yìn tí ó ti kú, ṣàpèjúwe èsúsú nínú rẹ̀: àwọn ènìyàn kan yóò fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye owó tí olúkúlùkù yóò máa dá ní ọjọ́ tí a yàn, lábẹ́ olórí kan, a ó sì máa kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń dá ₦1,000 lọ́sẹ̀, ẹni tí ó bá kàn yóò kó ₦10,000. Kò sí èlé nínú rẹ̀, kò sí ìwé àdéhùn. Ìtìjú ni òǹtẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e lọ. Ní Trinidad, títí di òní, súsú ni wọ́n ń pè é.

Àjọ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Owó tìrẹ nìkan ni alájọ ń bá ọ kó jọ lójoojúmọ́, tí ó ń sàmì sí káàdì, tí yóò sì kó o fún ọ ní òpin oṣù. Owó ọjọ́ kan ni ó ń yọ fún wàhálà rẹ̀. Ìwọ náà ti gbọ́ tí wọ́n ń wí pé orí ẹnì kan pé bí orí Alájọ Ṣómólú, tí ó ta mọ́tò tí ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín sí i, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wèrè ni. Ènìyàn gidi ni ọkùnrin náà, Alphaeus Táíwò Olúnáíkẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2012 ni ó sì kú. Wọ́n ní kò nílò ìwé láti mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti mọ́tò, bi ara rẹ léèrè: èwo nínú méjèèjì ni ó lè wọ àárín ilé àti ìkọ̀kọ̀ àwọn ọlọ́jà? Èwo ni kò ń mu epo? Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wò tí ó fi ra ohun èlò, kò wo ojú àwọn aládùúgbò. Bí o bá fẹ́ ra fóònù ní ọdún kìn-ín-ní rẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, rántí ọkùnrin yìí.

Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ dá èsúsú, ẹ dá a láàárín ẹni tí ẹ mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó owó tí ó sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé a máa fi èédú fa ilà sára ògiri fún ohun tí ó tà ní àwìn. Ìwọ tí o mọ ìwé, kí ni àwáwí rẹ? Ìwé kékeré kan tó. Kọ ohun tí o ná ní alẹ́ ọjọ́ tí o ná an, má ṣe fi di ọjọ́ kejì, nítorí pé owó kéékèèké kì í jẹ́ kí a rántí òun.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ gbèsè sí ìgbẹ̀yìn nítorí pé òun ni ó burú jù. Ní ayé àtijọ́, bí onígbèsè kò bá san owó, olówó a máa rán ológò sí i. Ológò yóò wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò máa sọ̀rọ̀ fatafata kí gbogbo agboolé lè gbọ́, yóò mú adìẹ tí ó bá rí ní àgbàlá, yóò ní kí a sè é fún òun, kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Èyí ni a ń pè ní dídógò ti ènìyàn. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, onígbèsè yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó kò dín gbèsè kù rárá, èlé lásán ni. Owó tí a yá ṣì dúró gbọin níbi tí ó wà. Àwọn ọmọ wà tí wọ́n dàgbà lóko olówó nítorí owó tí a fi sin òkú tí wọn kò mọ̀. Òun ni àwọn àgbà fi ń pòwe pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.

O lè rò pé ológò ti kú. Inú fóònù ni ó kó wọ̀. Àwọn kan wà tí ń yá ènìyàn lówó lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí onídùúró. Ohun tí wọ́n ń gbà ni àyè láti rí orúkọ gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú fóònù rẹ. Bí ọjọ́ bá pé tí o kò san án, wọn yóò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, sí olùkọ́ rẹ, sí ẹni tí o bá pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé olè ni ọ́. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, ẹ̀ka ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi lọ ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2022, tí ó sì ṣe ìlànà fún irú òwò bẹ́ẹ̀ ní ọdún náà. Síbẹ̀, ìlànà kò lè gba ọ̀rọ̀ padà ní etí ìyá rẹ. Àwọn ọmọ tí mo mọ̀ tí ó bá èyí pàdé, ọ̀pọ̀ wọn kò yá owó nítorí àìsàn tàbí ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta ìparí oṣù ni wọ́n yá a fún, tàbí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n rò pé yóò dá owó padà.

Ní ti ẹ̀yáwó ìjọba tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, kò ní èlé, kò sì ní ológò. Ṣùgbọ́n a ó san án. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2024, ìsanpadà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, ìdá mẹ́wàá owó oṣù ni agbanisíṣẹ́ yóò sì máa yọ. Jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀, láìka owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ọn. Ọ̀kẹ́ kan lóṣù, fún oṣù mẹ́wàá nínú ọdún, fún ọdún mẹ́rin: ogójì ọ̀kẹ́, tí í ṣe ₦800,000. Bí owó oṣù tí o bá kọ́kọ́ gbà bá jẹ́ ₦100,000, ₦10,000 ni wọn yóò máa yọ nínú rẹ̀. Oṣù 80 ni yóò gbà, èyíinì ni ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ.